Koríko Tí Àbúrò Mi Bá Mi Ro

Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ ní Ṣakí, ìyà ẹ̀ṣẹ̀ ni koríko jẹ́ fún wa. Ọmọ tí ó bá pẹ́ dé, àdá ni olùkọ́ yóò nà sí i. Ọmọ tí kò bá mọ ìṣirò rẹ̀ lórí, ìdí igi máńgòrò ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ koríko títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kán. Bí a bá sì padà délé, ìyá wa kò jẹ́ kí ewé kan hù ní àgbàlá. Ọwọ̀ ni wọ́n fi ń kí ojúmọ́ káàárọ̀. Lójú wọn, bí koríko bá wà níwájú ilé kan, a jẹ́ pé onílé ti kú, tàbí ó ti lọ sí ìdálẹ̀, tàbí ó ya ọ̀lẹ.

Èmi lọ sí ìdálẹ̀. Koríko ni mo sì bá níbẹ̀.

Ọkọ mi ni ó kọ́kọ́ lọ sí Libreville, ní ilẹ̀ Gabon. Atúnẹ̀rọṣe ni. Ó ránṣẹ́ sílé pé òun ti rí iṣẹ́ tí ó lórúkọ, kí n fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ kí n máa bọ̀. Nígbà tí mo dé, tí mo ti sinmi, ó mú mi lọ wo ibi iṣẹ́ náà. Pápá kan ni, ó tẹ́ lọ rẹrẹ, ó ń dán bí aṣọ àrán.

Mo bi í pé, "Kí ni wọ́n ń gbìn síbí?"

Ó ní, "Koríko."

"Lẹ́yìn koríko ńkọ́?"

"Koríko náà ni."

"Ta ni í jẹ ẹ́?"

"Kò sí ẹni tí í jẹ ẹ́."

Mo wo ojú rẹ̀ dáadáa. Mo rò pé ooru ilẹ̀ àjèjì ti ràn án. Ó wá ṣàlàyé fún mi pé pápá góòfù ni: àwọn ẹni ńlá a máa fi ọ̀pá irin gbá bọ́ọ̀lù kékeré kan títí yóò fi wọ inú ihò, wọn a sì tún yọ ọ́ jáde kí wọ́n lè lọ gbá a sí inú ihò mìíràn. Mo ní, "Bí wọ́n bá fẹ́ kí ó wà nínú ihò, èé ṣe tí wọ́n fi ń yọ ọ́?" Títí ọkọ mi fi kú, kò rí ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn.

Kì í ṣe èdè Faransé ni ó kọ́kọ́ tẹ́ mi ní ìlú náà. Takisí ni. Ní Libreville, ẹni tí ó bá fẹ́ wọ takisí yóò dúró sí etí títì, yóò ké orúkọ ibi tí ó ń lọ àti iye tí yóò san sí ojú fèrèsé ọkọ̀ tí ń kọjá. Bí ó bá wu awakọ̀, yóò fọn fèrè. Bí kò bá wù ú, yóò wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ láìwí nǹkan kan. Èmi tí gbogbo kíláàsì ń dìde fún bí mo bá wọlé, mo dúró ní Nkembo, mo ń ké orúkọ àdúgbò wa, "Kalikak! Kalikak!" bí ẹni tí ń kiri ẹ̀kọ. Mo bá àwọn awakọ̀ náà wí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú gírámà tí ó pé pérépéré. Kò sí ọ̀kan tí ó padà wá tọrọ àforíjì.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé ẹ̀rí mi, nítorí náà kò sí ilé ẹ̀kọ́ tí ó rí nǹkan fi ṣe nínú rẹ̀. Mo jókòó sílé ní Kalikak, mo ń gbọ́ bí àwọn ọmọ aládùúgbò ti ń ka ìwé Faransé lápapọ̀, ọwọ́ mi sì ń yún mi láti mú ẹfun. Ọkọ mi wò mí títí, ó ní, "Olùkọ́, bí àwọn ọmọ kò bá gbà ọ́, wá kọ́ koríko ní ìwà."

Báyìí ni mo ṣe di olórí àwọn obìnrin tí ń fa èpò ní pápá góòfù.

Ibi tí ihò kọ̀ọ̀kan wà ni wọ́n ń pè ní gírín. Koríko ibẹ̀ kúrú, ó sì dì bí irun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹ̀. Èpò kan kò gbọdọ̀ sí nínú rẹ̀, ẹ̀rọ kò sì lè ṣa èpò kúrò lára koríko. Ìka ọwọ́ ènìyàn ni í ṣe é. Iṣẹ́ mi ni kí n kọ́ àwọn obìnrin náà bí wọn yóò ti mọ koríko rere yàtọ̀ sí koríko búburú, kí wọ́n sì fa ti búburú jáde láìpa ti rere lára. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó yé mi pé iṣẹ́ mi àtijọ́ ni mo ṣì ń ṣe. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé koríko kì í parọ́ pé orí ń fọ́ òun.

Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, mo ní kí àwọn obìnrin náà tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ kí n lè pe orúkọ wọn. Nàgó ará Kétu kan wà láàrin wọn, Ìyá Sikira, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ. Ó dáhùn sí orúkọ tirẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ wo ilẹ̀.

"Ìyá Olùkọ́," ó ní, "ẹ ò ní pe orúkọ koríko náà? Ẹ má jẹ́ ó sá nílé ìwé o."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Ìyá Olùkọ́. N kò rí i bí àbùkù. Nígbà tí ọkọ mi sì kú, tí gbogbo ènìyàn nílé rò pé màá di ẹrù mi padà, àwọn obìnrin wọ̀nyí ni ó jókòó tì mí nínú yàrá. Ìyá Sikira se ẹja gbígbẹ wá. Ó ní bí mo bá lọ, koríko yóò ya ìpáǹle. Mo dúró. Ọjọ́ orí mi ti kọjá ti ẹni tí ń bẹ̀rẹ̀ báyìí. Agboòrùn àti ọ̀pá ni mo fi ń kọ́ni. Ṣùgbọ́n ojú mi ṣì ń rí èpò láti òkèèrè.

Ohun tí ìdálẹ̀ kọ́kọ́ ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn ni oṣù rẹ̀. Ní Ṣakí, mo mọ oṣù tí iṣu tuntun ń jáde àti oṣù tí ọyẹ́ ń la ètè. Ní Libreville, oṣù tí òjò ń ya lulẹ̀ ní Ṣakí gan-an ni ọ̀gbẹlẹ̀ ń wọlé, oòrùn kì í sì í ràn nínú ọ̀gbẹlẹ̀ ọ̀hún. Ìkùukùu a bo ojú ọ̀run, atẹ́gùn tútù a máa fẹ́ láti etí òkun, ilẹ̀ a sì gbẹ láìjẹ́ pé oòrùn fọwọ́ kàn án. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé èyí fún Àbẹ̀kẹ́ àbúrò mi lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n, òjò ò jẹ́ ká gbádùn lónìí," ó ní.

"Níbí, ọ̀gbẹlẹ̀ ni."

"Nínú oṣù Keje?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Oòrùn kò sì ràn."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Àbẹ̀kẹ́."

"Ọ̀gbẹlẹ̀ tí ò lóòrùn! Ìlú wo gan-an lọkọ yín mú yín lọ? Iṣẹ́ yín ńkọ́?"

"Mo wà nídìí àbójútó," mo ní. Èsì tí mo ń fún un láti ìgbà pípẹ́ nìyẹn. Irọ́ kò sí nínú rẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó ń jí lọ gbógun ti koríko lójoojúmọ́ ni Àbẹ̀kẹ́, n kò sì rí ọ̀nà tí n ó gbà sọ fún un pé nǹkan tí òun ń pa ni mo ń tọ́.

Ọdún tí mo ń sọ yìí, Àbẹ̀kẹ́ wá bẹ̀ mí wò. Ọmọ rẹ̀ ni ó ra tíkẹ́ẹ̀tì fún un. Ó sì jẹ́ ìgbà tí ọkàn wa kò balẹ̀ rárá níbi iṣẹ́.

Ẹ̀rọ ìgéko kan ni ó da epo sí gírín kẹsàn-án. Koríko ibẹ̀ kú, ó fi àpá pípá kan sílẹ̀ tí ó tó yàrá méjì. A wú ilẹ̀ tí epo bà jẹ́ náà kúrò, a da iyanrìn tuntun sí i. Ọ̀gá pápá, ọmọ Gabon tí ó kọ́ iṣẹ́ koríko ní ilẹ̀ Faransé, pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Níbi tí ó ti kọ́ṣẹ́, yìnyín a máa bo pápá, ó sì kó ìbẹ̀rù yìnyín náà bọ̀ wálé. Ìgbà òtútù ni ó ń pe ọ̀gbẹlẹ̀ wa. Bí oṣù Kẹfà bá ti wọlé, á gbé súẹ́tà wọ̀, á de fìlà onírun, nítorí òtútù tí kò lè mú kí ẹ̀kọ gbígbóná dì.

"Máámá," ó ní, "àwọn tí ó ni pápá ti rí ọkùnrin kan tí ń ta koríko ike. Wọ́n fẹ́ tẹ́ ẹ sí gírín kẹsàn-án. Bí ó bá dára níbẹ̀, wọn yóò tẹ́ ẹ sí gbogbo gírín."

"Èpò ha ń hù lórí ike bí, Mùsíọ̀?" mo bi í, bí wọ́n ti ń pe ọ̀gá níbẹ̀.

Kò wò mí lójú. "Rárá, Máámá."

Ó yé mi. Níbi tí èpò kò bá ti hù, kò sí ẹni tí yóò wá obìnrin tí yóò fà á. Ìyá Sikira àti àwọn yòókù yóò padà sílé. Ọ̀gá náà kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní bí a bá lè mú kí koríko tòótọ́ bo àpá náà kí ìgbà òtútù rẹ̀ tó gba ilẹ̀, òun yóò gbèjà wa.

Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ yìí yóò rò pé ohun kékeré ni. Kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó dé, a ní láti múra koríko sílẹ̀ bí ẹni múra ọmọ fún ìrìn àjò. A ó jẹ́ kí ó ga díẹ̀, kí ewé lè ṣíji bo gbòǹgbò. A ó fi fọ́ọ̀kì irin gún ilẹ̀ kí òjò ìkẹyìn lè rí ọ̀nà wọlé. A ó fún un ní ajílẹ̀ tí kì í mú un sanra, ṣùgbọ́n tí í mú egungun rẹ̀ le. Ní pàtàkì jù lọ, koríko tí a bá fẹ́ gbìn gbọ́dọ̀ ta gbòǹgbò nígbà tí òjò ṣì wà. Bí òjò bá ti dá, ó parí.

Ibi tí a ti ń tọ́ ọmọ koríko ní pápá ti kún fún omi. Mo bá ní kí a tọ́ ọ ní ẹ̀yìnkùlé mi. Mo gbin ewéko wínníwínní náà síbẹ̀. Mo ń bomi rin ín, mo ń fi sísọ́ọ̀sì gé orí rẹ̀, àwọn aládùúgbò sì ń dúró lẹ́bàá ọgbà láti wò mí. Ó tẹ́ bí ẹní tuntun. Àdéhùn wa ni pé ní ọjọ́ Ajé kan, ọkọ̀ pápá yóò wá, a ó gé e ní ègé-ègé pẹ̀lú erùpẹ̀ rẹ̀, a ó sì gbé e lọ.

Ọjọ́ Àìkú tí ó ṣáájú rẹ̀, mo lọ sí ìsìn àárọ̀. Àbẹ̀kẹ́, tí kò tíì pé ọjọ́ mẹ́ta tí ó dé, tí n kò sì tíì sọ ọ̀rọ̀ koríko fún, ní ó rẹ òun. Nígbà tí mo dé, mo bá a lẹ́yìn ilé, ọkọ́ kékeré mi wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó so aṣọ mọ́ àyà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀ o. Báwo ni ìwàásù?"

Ẹ̀yìnkùlé mi mọ́ tónítóní. Ilẹ̀ pupa ni mo rí láti ògiri dé ògiri, ojú ìlà ọwọ̀ sì hàn lára rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyá wa ti máa ń fà á. Mo rí okìtì koríko kan ní igun ọgbà, lábẹ́ ibi tí omi òrùlé ti ń sun.

"Mo bá yín ro ó," ó ní. "Látìgbà tí mo ti dé ni mo ti ń wò ó. Mo ní mi ò ní sọ̀rọ̀, ẹ ti dàgbà, kò sẹ́ni tó máa bá yín ṣe é. Àmọ́ Ẹ̀gbọ́n, irú koríko wo nìyẹn? Ejò ì bá ti kó ìyàwó wá síbẹ̀!"

"Àbẹ̀kẹ́," mo ní, "èmi ni mo gbìn ín."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó rí i pé èmi kò rẹ́rìn-ín, ó rọra fi ọkọ́ náà ti ògiri.

"Ẹ gbin kí ni?"

"Koríko."

"Ẹ fi ọwọ́ ara yín gbin koríko?"

"Mo tún ń bomi rin ín."

Ó wò mí bí mo ti wo ọkọ mi lọ́jọ́sí. "Gbogbo ìgbà tí mo ń gbàdúrà fún yín láti Ṣakí, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí?"

Mo jókòó sórí àpótí, pẹ̀lú gèlè ṣọ́ọ̀ṣì mi lórí, mo wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un: gírín, èpò, ike, ti Ìyá Sikira. Bí mo ti ń sọ ọ́ ni ojú rẹ̀ ń rẹ̀wẹ̀sì. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ mímọ́ náà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Oore ni mo rò pé mo ń ṣe."

Mo mọ̀. Ibi tí a ti tọ́ wa, àlejò tí ó bá jókòó tẹtẹ láìfọwọ́ kan nǹkan nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n kò kọ́ ọ dáadáa ni. Ta ni n ó bá wí? Ìyá wa tí ó ti lọ?

Mo tẹ Ìyá Sikira láago. Kò jìnnà sí wa, ó sì dé kíákíá. Ó wo ilẹ̀, ó wo okìtì, ó wo Àbẹ̀kẹ́ tí ó wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó di ẹ̀gbẹ́ mú, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

"Ìyá Olùkọ́, ẹ̀yin ni ẹ ń kọ́ wa láti fa búburú ká fi rere sílẹ̀. Àbúrò yín ò fi nǹkan kan sílẹ̀!"

Inú bí Àbẹ̀kẹ́. Ó dìde. "Kí lẹ̀ ń pariwo sí? Ṣé koríko ń kú ni? Látìgbà tí mo ti ń ro ó, ìgbà wo ló kú rí? Ẹ ó ro ó lónìí, òjò kan á dé, á tún dìde láti máa fi yín ṣẹ̀sín!"

Èmi àti Ìyá Sikira wo ara wa. A jọ lọ sí ìdí okìtì náà. Omi òjò òru tí ó kù lórí òrùlé ti ń kán sí i, ó ṣì tutù. Mo fa ìtàkùn koríko kan jáde: ó gùn, ó tọ́, oríkèé rẹ̀ funfun, kò já. Àbẹ̀kẹ́ ti ro ó bí ìyá wa ti kọ́ wa: ó tú gbòǹgbò jáde pátápátá, ó gbọn erùpẹ̀ dànù, kí ó má baà rí ohun tí yóò dì mú. Ohun tí ó ṣe kí ó lè pa á ti sọ ọ́ di irúgbìn.

"Lónìí ni o," ni Ìyá Sikira wí. "Tó bá fi lè gbẹ, ó ti tán nìyẹn."

A kó o sínú àpò, a bomi sí i, a gbé e dé etí títì. Mo ké orúkọ pápá góòfù sí ojú fèrèsé takisí. Ọ̀kan lọ. Òmíràn wo àwọn àpò wa, ó lọ. Ẹ̀kẹta yọ orí síta, ó ní, "Máámá, àgùntàn mélòó ni yóò tẹ̀ lé e?" ṣùgbọ́n ó fọn fèrè. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní èdè Faransé, láìbá a wí.

Nígbà tí a dé ibẹ̀, Ìyá Sikira ti pe àwọn yòókù. Àbẹ̀kẹ́ dúró létí pápá náà, kò lè gbẹ́sẹ̀.

"Gbogbo èyí, koríko ni?"

"Koríko ni."

"Wọ́n sì ń sanwó fún yín lórí ẹ̀?" Ó mi orí. "Ká ní ìyá wa gbọ́!"

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ fún un bí a ó ti gbìn ín, ó gba ìtàkùn náà lọ́wọ́ mi. "Bí ìtàkùn ọ̀dùnkún ni," ó ní. Ó fi ìka la iyanrìn gírín kẹsàn-án, ó tẹ́ oríkèé sílẹ̀, ó fi orí rẹ̀ síta, ó fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó sún síwájú. Gbogbo wa tẹ̀ lé e lẹ́yìn, nínú aṣọ ọjọ́ Àìkú wa.

Ọ̀gá pápá wa ọkọ̀ rẹ̀ dé láti ilé rẹ̀ ní Akanda, ìyàwó rẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹnìkan ti sọ fún un pé àwọn obìnrin ti gba pápá.

"Máámá, ọ̀la ni a sọ. Ta sì ni Máámá tí ó wà níwájú yẹn?"

Ẹnu mi dáhùn kí ọkàn mi tó rò ó. "Amòye ni, Mùsíọ̀. Láti òkè òkun ni ó ti wá. Láti kékeré ni ó ti ń ṣiṣẹ́ koríko."

Ó ṣí fìlà ọjọ́ Àìkú rẹ̀. Ó ní kí n bèèrè ìmọ̀ràn fún ìgbà òtútù lọ́wọ́ amòye náà.

Àbẹ̀kẹ́ kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ẹ sọ fún un pé tó bá jẹ́ koríko ló ń wá, kó wá sóko mi ní Ṣakí, màá fún un lọ́fẹ̀ẹ́, kó rù ú lọ."

Mo yí padà sí ọ̀gá. "Ó ní kí ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rọ gun orí rẹ̀ títí yóò fi ta gbòǹgbò."

Ó gbà pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ńlá. Ìyá Sikira ní láti jókòó sílẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ padà sílé kí a tó mọ èsì. Òjò rọ̀, ó tún rọ̀, ó wá dá. Ewé tí a gbìn pọ́n, ó rọ, ó dà bí irun arúgbó. Ní àràárọ̀ ni mo ń fi agboòrùn mi dúró tì í. Mo ti ń ronú bí n ó ti sọ fún àwọn obìnrin mi, nígbà tí Ìyá Sikira bẹ̀rẹ̀, tí kò sì tètè dìde. Lára oríkèé kan, ohun tíńtín kan ti yọ, ó mú bí ẹnu abẹ́rẹ́. Ó pe orúkọ mi gan-an, èyí tí kò ṣe rí. Àwọn abẹ́rẹ́ náà ti wà káàkiri.

Ọjọ́ tí àwọn tí ó ni pápá wá, ìkùukùu ti bo ojú ọ̀run, ọ̀gá wa sì ti wọ súẹ́tà rẹ̀. Oníṣòwò ike náà gbé ègé ọjà rẹ̀ dání lábẹ́ apá bí ẹní àdúrà. Ó tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí àpá náà ti wà. Àgbàlagbà kan nínú wọn gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀, ó rọra gbá a. Ó yí gba orí koríko tuntun náà kọjá láìta, láìyà, bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ rí. Ọkùnrin náà wo ilẹ̀, ó wo ègé ike náà, ó ní, "Níbo gan-an ni àpá ọ̀hún wà?"

Ọ̀gá wa ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Oníṣòwò náà ká ọjà rẹ̀ nílẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo pe Ṣakí láti sọ fún Àbẹ̀kẹ́ pé àwọn obìnrin mi kò lọ síbì kankan. Ó gbé fóònù sókè kí n lè rí ojú rẹ̀. Ó yọ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi etí gèlè rẹ̀ ṣeré.

"Ẹ̀gbọ́n, nǹkan kan ń ṣe mí. Mo mú ọkọ́ lánàá láti ro iwájú ilé ìyá wa. Mo ro ó débì kan, ọwọ́ mi kọ̀. Mo fi díẹ̀ sílẹ̀, kò ju ẹní kan lọ. Àwọn aládùúgbò ti wá bi mí bóyá ara mi ò yá."

"Kí ni o sọ fún wọn?"

"Mo ní kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́." Ó yí fóònù kí n lè rí i. Ó rí gátagàta, èpò mẹ́ta wà nínú rẹ̀, mo sì rí wọn láti Libreville. "Ẹ̀yìnkùlé tiyín ńkọ́? Ó ti hù padà?"

Mo wo ẹ̀yìnkùlé mi. Láti ọjọ́ tí ó ti lọ ni mo ti ń gbá ilẹ̀ pupa náà láràárọ̀. Mo ń fa ìlà ọwọ̀ bí ìyá wa ti ń fà á, n kò sì jẹ́ kí ewé kan hù níbẹ̀.

"Kò hù," mo ní. "Ó mọ́."

"Ó dáa. Àmọ́ Ẹ̀gbọ́n, tèmi yìí, ta ni yóò máa fa èpò inú ẹ̀?"

"Kí ni o ń bi mí sí? Ṣebí ìwọ ni amòye."